Nígbà Tí Àwòrò Tán Nílé Òrìṣà: Ìrìn Ọjọ́ Kan Lẹ́bàá Odò Náílì

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí í ṣẹlẹ̀ sí ilé òrìṣà lẹ́yìn tí àwòrò ìkẹyìn bá ti lọ, kí ó lọ sí ilẹ̀ Íjíbítì, kí ó wá afinimọ̀nà kan, kí ó sì fi ọjọ́ kan ṣoṣo tẹ̀lé Odò Náílì láti ìlú Luxor dé Aswan. Gúúsù ni odò náà ti ń ṣàn lọ sí àríwá, nítorí náà òkè odò ni arìnrìn-àjò yóò máa kọjú sí. Ilé òrìṣà mẹ́ta ni yóò yà sí: Edfu, Kom Ombo àti Philae. Ìkọ̀wé kún ara ògiri mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti òkè dé ilẹ̀. Kò sí èyí tí àwòrò kù sí.

Kùtùkùtù ni ọkọ̀ máa ń kúrò ní Luxor, kí oòrùn tó mú. Lẹ́yìn nǹkan bí kìlómítà 110, a dé Edfu ní bèbè ìwọ̀-oòrùn odò. Horus, òrìṣà olórí àṣá, ni ó ni ilé náà. Ọba Ptolemy Kẹta, láti inú ìdílé Gíríìkì tí ń jọba lórí Íjíbítì nígbà náà, ni ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní ọdún 237 ṣáájú ìbí Jésù. Iṣẹ́ kò parí títí di ọdún 57 ṣáájú ìbí Jésù. Ògiri ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ga tó mítà 36. Lẹ́yìn tí ìsìn tán níbẹ̀, iyanrìn bò ó débi pé àwọn ará abúlé kọ́ ilé wọn sórí òrùlé rẹ̀. Ọdún 1860 ni Auguste Mariette, ọmọ ilẹ̀ Faransé, wú u jáde.

Bí a ti ń wọ inú rẹ̀ lọ ni òrùlé ń rẹlẹ̀ sí i, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń dínkù, títí a ó fi dé ojúbọ tí wọ́n fi òkúta akọ gbẹ́. Mẹ̀kúnnù kì í dé ibẹ̀. Àwọn àwòrò tí wọ́n ti fá irun, tí wọ́n sì ti wẹ̀, ni ó ń wọlé lójoojúmọ́ láti jí òrìṣà, láti wọ̀ ọ́ láṣọ, kí wọ́n sì gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Yàrá kékeré kan wà tí wọ́n ń kó ìwé sí. Wọ́n gbẹ́ orúkọ àwọn ìwé náà sára ògiri. Orúkọ ṣì wà níbẹ̀. Àwọn ìwé ti ṣègbé.

Lọ́dọọdún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n a gbé ère Hathor láti Dendera sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n a tukọ̀ lòdì sí ìṣàn odò, kí ó lè dé ọ̀dọ̀ Horus ní Edfu nígbà tí oṣù tuntun bá lé. Àríyá kì í tán títí oṣù yóò fi di àrànmọ́jú. Ẹni tí ó ti rí bí ìlú ti ń tú jáde tẹ̀lé Arugbá lọ sí Odò Ọ̀ṣun kò nílò afinimọ̀nà kí ó tó lóye irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀. Oṣù ṣì ń lé ní Edfu. Ọkọ̀ Hathor kò dé mọ́.

Nǹkan bí kìlómítà 65 sí i, ní bèbè ìlà-oòrùn, ni Kom Ombo wà. Òrìṣà méjì ni ó ni ín: Sobek olórí ọ̀nì, àti Horus Àgbà. Kí a má bàa fi ọ̀kan ṣe ọmọ ẹ̀yìn èkejì, ilẹ̀kùn méjì ni wọ́n ṣe, ọ̀nà méjì àti ojúbọ méjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Òkú ọ̀nì tí wọ́n fi oògùn pa mọ́, tí wọ́n sì fi aṣọ dì, wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó sún mọ́ ọn. Kànga kan wà nínú ọgbà tí àwọn àwòrò fi ń wọn bí Náílì ti kún tó; ìkún odò ni a fi ń mọ bí ìkórè yóò ti rí, àti iye owó orí tí ọba yóò gbà. Láti ìgbà tí wọ́n ti parí odi ńlá tí ó sé odò ní Aswan ní ọdún 1970, ìkún náà kò wá mọ́.

Ní Aswan, ọkọ̀ ojú omi ni a ń wọ̀ dé Philae, ilé Isis, ìyá Horus. Ibi tí ilé náà wà lónìí kọ́ ni wọ́n kọ́ ọ sí. Odi àkọ́kọ́ tí wọ́n fi sé odò ní ọdún 1902 mú kí omi máa bò ó fún ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dọọdún. Àjọ UNESCO ké sí gbogbo ayé ní ọdún 1960 láti gba àwọn ilé òrìṣà agbègbè náà là. Láàárín ọdún 1972 sí 1980, wọ́n tú Philae sí òkúta bí 40,000, wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, wọ́n sì tún un tò sí erékùṣù Agilkia tí kò jìnnà.

Philae ni ìsìn àtijọ́ náà pẹ́ sí jùlọ. Ní ọjọ́ 24 oṣù Ògún, tí í ṣe oṣù kẹjọ, ọdún 394, àwòrò kan tí ń jẹ́ Nesmeterakhem, ọmọ Nesmeter, gbẹ́ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sára ògiri, ó sì ní kí ó wà títí ayérayé. Nínú gbogbo ìkọ̀wé alàwòrán Íjíbítì tí a mọ ọjọ́ rẹ̀, òun ni ìkẹyìn. Ní nǹkan bí ọdún 537, Justinian, ọba Róòmù, pàṣẹ kí wọ́n ti ilé náà pa. Wọ́n ju àwọn àwòrò sẹ́wọ̀n, wọ́n sì kó àwọn ère lọ sí Constantinople.

Ọ̀rọ̀ Nesmeterakhem wà títí lóòótọ́, ṣùgbọ́n irú ìkọ̀wé náà di ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè kà mọ́, fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọdún 1822 ni Jean-François Champollion rí ojútùú rẹ̀. Òkúta Rosetta ràn án lọ́wọ́. Òpó òkúta ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n gbé láti Philae lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ràn án lọ́wọ́, nítorí orúkọ Cleopatra wà lára rẹ̀. Òkúta nìkan kò tó. Champollion ti kọ́ èdè Coptic, tí ó jẹ́ ọmọ bíbí inú èdè Íjíbítì àtijọ́, tí ìjọ Kristẹni ilẹ̀ náà ṣì fi ń gbàdúrà. Ohùn tí ó ṣẹ́kù lẹ́nu àwọn tí kò bọ Horus ni ó la ògiri Horus lóhùn.

Síbẹ̀, a kò rí gbogbo rẹ̀ gbà padà, nítorí ìkọ̀wé alàwòrán kì í kọ fáwẹ́lì sílẹ̀. Bí àjèjì bá rí *gb* nìkan lára ògiri wa, ṣé Ogbè ni yóò kà, tàbí àgbà, tàbí ẹgbẹ́, tàbí igbó? Bí a tilẹ̀ kọ *igba* fún un láìfi àmì ohùn sí i, ṣé igbá ni, tàbí ìgbà, tàbí igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ? Àwọn onímọ̀ lè túmọ̀ àdúrà Edfu. Bí ó ti ń dún gan-an lẹ́nu àwòrò, kò sí ẹni tí ó lè sọ.

Ìdí nìyí tí ìrìn náà fi kan ọmọ awo. Orírun ni ọ̀pọ̀ Yorùbá ń wá lọ sí Íjíbítì. Ní ọdún 1948, àlùfáà J. Olumide Lucas tẹ ìwé kan jáde láti fi hàn pé ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú ẹ̀sìn Yorùbá ti ṣẹ̀ wá. Ìjọra ọ̀rọ̀ ni ó gbára lé, ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò sì gbà pé ìyẹn tó ẹ̀rí. Ẹ jẹ́ kí àríyànjiyàn náà dúró ná. Ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn kan ń wá lẹ́bàá Náílì. Òpin ni àwọn ilé náà ń fi han ẹni tí ó bá wò wọ́n dáadáa.

Ifá kò ní ògiri bíi ti Edfu. Inú awo ni Odù 256 ń gbé, ẹnu ni a sì fi ń gbé wọn lé ọmọ awo lọ́wọ́, pẹ̀lú fáwẹ́lì, pẹ̀lú ohùn. UNESCO kéde Ifá ní ọdún 2005 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn ogún àtẹnudẹ́nu pàtàkì ayé, ṣùgbọ́n a kò lè tú ìrántí àgbà awo sí wẹ́wẹ́, kí a fún un ní nọ́ńbà, kí a sì tún un tò sí ibòmíràn. Ní Cuba, àwọn babaláwo gbé orúkọ Odù àti ìtàn wọn la ìgbà ẹrú já, wọ́n sì kọ wọ́n sínú ìwé. Ṣùgbọ́n bí èdè Spéènì ti di èdè ilé, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ sá kúrò lára ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀. Àwọn kan ń wá sọ́dọ̀ wa láti tún wọn gbọ́. Ó yẹ kí wọ́n bá wọn níhìn-ín, nígbà tí ó jẹ́ pé nínú ilé Yorùbá pàápàá, ọmọ tí kò gbọ́ èdè ń pọ̀ sí i.

Ó dára kí a kọ Ifá sílẹ̀. Ó dára kí a gbà á sínú ẹ̀rọ. Edfu náà kọ tirẹ̀, ó sì kọ ọ́ dáadáa. Ọmọ tí yóò gbà á lẹ́nu àgbà ni kò sí mọ́. Nígbà ọdún yìí, ẹ̀yin àlejò wa, bí ẹ bá kọjá níbi tí ọmọdé kan ti ń ké ẹsẹ̀ Ifá tẹ̀lé ojúgbọ̀nà rẹ̀, tí wọ́n sì ń dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀ nítorí ohùn kan ṣoṣo tí ó ṣì, ẹ dúró kí ẹ gbọ́. Ohun tí Edfu kò ní mọ́ ni ẹ ń gbọ́ yẹn.