Àwòrán Obìnrin Òkè-Ọdàn Kan ní London

Àwọn àgbà wa wí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ogun kó kúrò nílé ńkọ́?

Ní ọjọ́ 15 oṣù September, ọdún 1862, obìnrin dúdú kan wọ ilé iṣẹ́ Camille Silvy, ayàwòrán ará Faransé, ní London. Iṣẹ́ fọ́tò kò tíì pẹ́ láyé nígbà náà. Lórí dígí tí a fi oògùn pa ni ìmọ́lẹ̀ ti ń kọ àwòrán. A ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, a ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí kékeré tí àtẹ́lẹwọ́ gbà. Obìnrin náà wọ aṣọ Òyìnbó gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín.

Ta ni í ṣe? Ní ọdún 1848, àwọn ọmọ ogun Dàhómì kọlu Òkè-Ọdàn ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, èyí tí à ń pè ní Yewa nísisìyí. Wọ́n pa àwọn òbí rẹ̀, wọ́n sì kó o lẹ́rú. Ní ọdún 1850, Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, lọ bẹ Ọba Ghezo pé kí ó dáwọ́ òwò ẹrú dúró. Ọba kò gbà, ṣùgbọ́n ó fi ọmọbìnrin náà ta Ọba Obìnrin Victoria lọ́rẹ. Forbes gbà pé ọmọ ọlọ́lá ni, nítorí irú wọn ni a ń pa mọ́ láti fi rúbọ. A sì sọ ọ́ ní Sarah Forbes Bonetta: Forbes ni orúkọ ọ̀gá ọkọ̀, Bonetta sì ni orúkọ ọkọ̀ náà gan-an.

Ọba Obìnrin ni ó san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Freetown àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí James Davies, oníṣòwò Yorùbá tí a bí ní Sàró, wá fẹ́ ẹ, kò kọ́kọ́ gbà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 14 oṣù August, ọdún 1862, a so wọ́n pọ̀ ní Brighton. Oṣù kan lẹ́yìn náà ni a ya àwòrán yìí.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ má ṣe jẹ́ kí a yára ka ìbànújẹ́ sí ojú rẹ̀. Ẹni tí a ń yà nígbà náà níláti dúró jẹ́ẹ́. Àwòrán fi ojú hàn wá, kò fi inú hàn.

Ibòmíràn ni ó ti sọ̀rọ̀. Nínú ìwé ìgbéyàwó rẹ̀, Ina ni ó ṣáájú gbogbo orúkọ Òyìnbó náà. Etí Yorùbá yóò gbọ́ ọ ní Àìná, orúkọ ọmọbìnrin tí ó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé. Amútọ̀runwá ni, ogun kò sọ ọ́, ọkọ̀ kò sì sọ ọ́. Ọdún 14 lẹ́yìn tí Òkè-Ọdàn fọ́, kò tíì gbàgbé rẹ̀.

Ó padà wá gbé ní Èkó, ikọ́ àwúgbẹ sì pa á ní erékùṣù Madeira ní ọdún 1880. Nítorí náà, nígbà tí a bá mú àwòrán àtijọ́ lọ́wọ́, kí a má ṣe béèrè aṣọ nìkan. Kí a béèrè pé, kí ni ẹni yìí pe ara rẹ̀?