Zip
Orúkọ tí Phil Katz, ará Amẹ́ríkà, fún irú fáìlì tó gbé jáde ní ọdún 1989 nìyí. Ìyára ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí, kì í ṣe síìpù ara ṣòkòtò. Iṣẹ́ méjì ni zip ń ṣe pọ̀: ó ń di fáìlì púpọ̀ sójú kan, ó sì ń fún wọn pọ̀ kí wọ́n má baà gba àyè púpọ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ kan bá ti tún wáyé, kò ní kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, á kàn tọ́ka sí ibi tó ti kọ́kọ́ wà. Ìdí nìyí tí ìwé gígùn fi máa ń kéré sí i gan-an, tí fọ́tò JPEG kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dín kù: wọ́n ti fún òun pọ̀ tẹ́lẹ̀. Irú fáìlì bẹ́ẹ̀ mìíràn tún wà: tar ní tirẹ̀, dídì nìkan ló mọ̀. RAR ti Eugene Roshal, ará Rọ́ṣíà, àti 7z ti Igor Pavlov sábà máa ń fún fáìlì pọ̀ ju zip lọ. Síbẹ̀, bí ẹ kò bá mọ irú kọ̀ǹpútà tí ẹni tí ẹ fẹ́ fi fáìlì ránṣẹ́ sí ń lò, zip ni kí ẹ lò; Windows àti Mac ló ń ṣí i fúnra wọn.