Gbígbé ìbọn ní gbangba

Kí ènìyàn fi ìbọn há ìgbànú tàbí kí ó gbé e kọ́ èjìká, kí gbogbo ẹni tó bá pàdé rẹ̀ sì rí i. Open carry ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó fi ẹ̀wù bo ìbọn tirẹ̀ mọ́lẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Mi ò ní túmọ̀ ẹni tó ń ṣe é sí "agbébọn". Lọ́dọ̀ wa, ajínigbé àti adigunjalè ni ìròyìn ń fi orúkọ yẹn pè. Ní Texas, January 1, 2016 ni òfin bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹni tó ní ìwé àṣẹ láyè láti fi ìbọn ìléwọ́ há ìgbànú ní gbangba. Ṣùgbọ́n bó bá wọ ṣọ́ọ̀bù, báwo ni ìyá tó pọnmọ sẹ́yìn yóò ṣe mọ̀ pé kì í ṣe agbébọn? Mi ò lè bá a wí fún ìbẹ̀rù yẹn.

Onílé ìtajà lè kọ̀ kí wọ́n gbé ìbọn hàn wọlé. Ní Texas, yóò gbé àkọlé sẹ́nu ọ̀nà lédè Gẹ̀ẹ́sì àti Spanish, lẹ́tà rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kéré sí íǹṣì kan. Ní August 2019, agbébọn kan yìnbọn ní ilé ìtajà Walmart kan ní ìlú El Paso, ní Texas. Ẹni 23 ló kú. Ní September, ilé-iṣẹ́ Walmart rọ àwọn oníbàárà pé kí wọ́n má gbé ìbọn hàn wọlé mọ́.