Kí Ni Yóò Gbé Shooting Stars Dìde? Ẹ Jẹ́ Kí A Bi Ìtàn Léèrè

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ará Ìbàdàn tòótọ́ ni ẹnìkan, ẹ bi í pé kí ló ń ṣe Shooting Stars. Ará Ìbàdàn kò ní sọ láé pé òun kò mọ̀. Ní Dùgbẹ̀, níbi tí àwọn àgbà ti máa ń dúró ka ìwé ìròyìn lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á láìra ẹyọ kan, àríyànjiyàn yìí kì í tán. Mo ti dúró lẹ́yìn wọn lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹnìkan á ní, "Akọ́nimọ̀ọ́gbá yẹn ni kí wọ́n lé lọ." Òmíràn á fèsì pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìjọba ni kò mọ̀ ọ́n ṣe. Kí wọ́n ta ẹgbẹ́ náà fún olówó." Ẹ̀kẹta á ní kò sí ohun tó ń ṣe wọ́n ju àìtó owó lọ. Ìdáhùn mẹ́ta yìí ni mo fẹ́ fi ìtàn yẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré lásán fún àwa ọ̀dọ́. Ní Agbowó, ilé ìwòran bọ́ọ̀lù máa ń kún dẹ́nudẹ́nu bí Arsenal bá ń gbá. Àbúrò mi, ọmọ ọdún méjìlá, lè ka orúkọ àwọn mọ́kànlá tó bẹ̀rẹ̀ eré fún wọn, ṣùgbọ́n kò mọ ẹyọ ẹnìkan nínú Shooting Stars. Ọmọ kíláàsì mi kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mú bí abẹ bọ́ sọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ní òun yóò mú un lọ gbá bọ́ọ̀lù ní òkè òkun. Àwọn òbí rẹ̀ san owó, ọkùnrin náà sì di àwátì. Bí ẹgbẹ́ tó wà nílé kò bá ṣí ilẹ̀kùn, ìta ni ọmọ yóò ti máa wá ilẹ̀kùn kiri.

Ẹgbẹ́ tí à ń sọ yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ kékeré. Nígbà tí a ń pè é ní IICC, lábẹ́ iléeṣẹ́ ìdókòwò ìjọba, ó gba ife-ẹ̀yẹ Cup Winners' Cup ti Áfíríkà ní ọdún 1976. Tonnerre ti Yaoundé ló pàdé ní àṣekágbá. Àwọn ará Kamẹrúùnù yìí ló gba ife náà ní ọdún tó ṣáájú, Roger Milla sì wà láàárín wọn. IICC fi ayò mẹ́rin sí ẹyọ kan nà wọ́n ní Ìbàdàn. Wọ́n fi ẹyọ kan sí òdo borí IICC lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ife ti di tiwa. Kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan tó ti gba ife Áfíríkà ṣáájú ìgbà náà. Ní ọdún 1992, Shooting Stars tún gba CAF Cup àkọ́kọ́. Òdo sí òdo ni wọ́n gbá pẹ̀lú Villa ní Yùgáńdà, wọ́n sì jẹ mẹ́ta sí òdo nílé. Ní ọdún 1996, pẹnáritì ni Zamalek ti Íjíbítì fi gba ife tó tóbi jù lọ́wọ́ wọn.

Lẹ́yìn gbogbo ògo yìí, ẹgbẹ́ náà já sí ìpele kejì ní ọdún 2017. Ó di ọdún 2021 kó tó padà sókè.

Ẹ jẹ́ kí a wá yẹ àwọn ìdáhùn náà wò. Ṣé kí a tà á ni? Enyimba gba ife Champions League ti Áfíríkà ní 2003 àti 2004, ìjọba ìpínlẹ̀ Abia ló sì ni wọ́n. Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ gba líìgì Nàìjíríà ní 2025, ẹnìkan ló sì ni tiwọn. Ìjọba borí, aládàáni náà borí. Ẹni tó ni ẹgbẹ́ nìkan kọ́ ló ń pinnu rẹ̀ nígbà náà.

Ṣé owó ni? Ẹ wo àwọn tó gbé wa dé orí òkè. Akẹ́kọ̀ọ́ Pólí Ìbàdàn ni Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, ó sì bá ẹgbẹ́ yìí gbá bọ́ọ̀lù láti 1970 títí di 1984. Mudashiru Lawal ti Abẹ́òkúta ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì kó tó di agbábọ́ọ̀lù, síbẹ̀ ó gbá ìdíje ife Áfíríkà márùn-ún léraléra fún Nàìjíríà. Rashidi Yekini, tó jẹ Gólì àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà nínú ìdíje Ife Àgbáyé, gba ọwọ́ wọn kọjá. Ọmọ tí ojú kò tí ì mọ̀ ni wọ́n, ẹnìkan ló rí wọn.

Ti akọ́nimọ̀ọ́gbá ńkọ́? Bí ẹ́ńjìnnì Micra bá ti kú ní Challenge, kí a pààrọ̀ awakọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò ní dé Bódìjà.

Bàbá bàbá mi, tó máa ń kígbe "Up Shooting!" títí ohùn rẹ̀ fi máa ń há, kò gbà fún mi pátápátá. Ó ní nígbà náà, gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn ló ń kó ọmọ wá sí Ìbàdàn, kó tó di pé wọ́n pín wa sí ìpínlẹ̀ Ògùn, Òndó àti Ọ̀yọ́ ní ọdún 1976. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a ti yọ Ọ̀ṣun pàápàá kúrò ní 1991 ni a gba ife 1992, a sì tún gba líìgì ní 1995 àti 1998. Ó tún ní kò sí ẹni tó lè di agbábọ́ọ̀lù mú fún ọdún mẹ́rìnlá mọ́, torí òkè òkun ń pè wọ́n. Èyí ló mú kí ọ̀rọ̀ mi lágbára sí i. Bí àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù yóò bá máa lọ, a gbọ́dọ̀ ní àwọn tí yóò máa dìde rọ́pò wọn. Ohun tí Remo Stars ń ṣe nìyẹn: ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù wọn, Beyond Limits, ló ń bọ́ ẹgbẹ́ ńlá.

Ìmọ̀ràn mi kò le. Kí Shooting Stars ṣètò ìdíje fún gbogbo ilé ẹ̀kọ́ girama ìlú yìí lọ́dọọdún, láti Bódìjà dé Ring Road. Kí àṣekágbá rẹ̀ wáyé ní Adámásingbà, kí wọ́n gba àwọn tó dáńtọ́ síbi ìkọ́ṣẹ́, kí wọ́n má sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òbí wọn. Kí àwa alátìlẹyìn náà ní sùúrù ọdún márùn-ún. Ní Dùgbẹ̀, dípò kí a máa béèrè ta ni kí a lé, kí a máa béèrè iye ọmọ Ìbàdàn tó wọ ẹgbẹ́ náà lọ́dún yìí.

Àwọn baba wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àwọn kan ti ń sọ pé kí a ta ilé náà báyìí. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ọmọ ná.