Máàkì LSAT àti Máàkì Yunifásítì nínú Ìgbaniwọlé sí Ilé-ẹ̀kọ́ Òfin ní Amẹ́ríkà

Ìdánwò LSAT, tí a kọ́kọ́ ṣe ní ọdún 1948, ni ẹnubodè tí ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ di lọ́yà ní Amẹ́ríkà ń gbà kọjá. Máàkì rẹ̀ kì í wálẹ̀ ju 120, kì í sì í ga ju 180 lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni máàkì yunifásítì wà, èso làálàá ọdún púpọ̀, tí LSAC, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìdánwò náà, máa ń tún ṣírò sórí òṣùwọ̀n kan ṣoṣo tí góńgó rẹ̀ jẹ́ 4.33, àmọ́ ta ni kò mọ̀ pé A tí olùkọ́ ahun fúnni kì í ṣe ẹgbẹ́ A tí ọlọ́wọ́ ṣíṣí ń fọ́n ká bí àgbàdo?

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ a máa pa méjèèjì pọ̀ di nọ́ńbà kan, kálukú pẹ̀lú ìwọ̀n tirẹ̀, nítorí pé lápapọ̀ ni máàkì méjèèjì ń sọ bí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti ṣe sí ní ọdún kìíní ju bí ọ̀kan ṣoṣo ti lè sọ ọ́ lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di iṣu ata yán-an-yàn-an ni ti ìwé ìròyìn US News, tó ń to àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ní ipò-ipò, tó sì ń wo máàkì ẹni tó wà láàárín gbùngbùn àwọn tí wọ́n gbà. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí LSAT rẹ̀ ga fíofío, tí máàkì yunifásítì rẹ̀ sì wọ́lẹ̀, lè rọ́wọ́ mú ju ẹni tí méjèèjì rẹ̀ fi díẹ̀ rẹlẹ̀ sí ti àárín, nítorí pé ó kéré tán, ó ń gbé máàkì àárín LSAT ró. Síbẹ̀, LSAT nìkan kọ́ ni ẹnubodè: láti ọdún 2017 ni ilé-ẹ̀kọ́ òfin Harvard ti ń gba GRE, ìdánwò ìwọlé fún ẹ̀kọ́ lẹ́yìn dígírì àkọ́kọ́, dípò LSAT.