Àkókò ìyíká

Àpólà orúkọ. Ìyíká: ì- + yí + ká. Nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ iléeṣẹ́: iye àkókò tí àmì àṣẹ, èyí tí à ń pè ní tókìnì, fi ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ọ̀gá kan sí òmíràn kí ó tó padà sí ọwọ́ ẹni tí ó kọ́kọ́ gbé e sílẹ̀.

Ìlò. PROFIBUS, tí iṣẹ́ lórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 1987, ni a fi ń ṣe àpẹẹrẹ níhìn-ín. Orí wáyà kan náà ni gbogbo ẹ̀rọ ti ń sọ̀rọ̀, nítorí náà ọ̀gá tí tókìnì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ni ó lè pe àwọn ẹ̀rọ ìránṣẹ́. Bí tókìnì bá dé, ọ̀gá yóò yọ iye àkókò tí ìyíká náà gbà kúrò nínú èyí tí a ti pinnu. Ohun tó ṣẹ́kù ni yóò fi ṣiṣẹ́. Bí a bá pinnu 20 mìlísẹ́kọ́ǹdì, tí ìyíká sì gba 14, 6 ló kù. Bí tókìnì bá pẹ́ ju 20 lọ, ọ̀rọ̀ pàjáwìrì kan ṣoṣo ni ọ̀gá lè sọ kí ó tó gbé e fún ẹlòmíràn. Ẹni tó bá dín iye yìí kù jù ti dá ọ̀rọ̀ yòókù dúró nìyẹn.

“Láti ìgbà tí a ti fi ọ̀gá kẹta kún wáyà yìí ni àkókò ìyíká ti gùn sí i.”

Ìkìlọ̀. Àkókò ìyíká yàtọ̀ sí àkókò ìdúró, èyí tí ọ̀gá fi ń retí ìbẹ̀rẹ̀ èsì lẹ́yìn tí ó ti pe ìránṣẹ́. Bí a bá ń pe méjèèjì ní “àkókò” lásán, ẹni tí a ní kí ó dín ọ̀kan kù lè dín èkejì. Ewu wà níbẹ̀: ìránṣẹ́ tí èsì rẹ̀ kàn pẹ́ díẹ̀ yóò dà bí èyí tó ti kú, ọ̀gá yóò tún un pè, ìpè kejì àti èsì àkọ́kọ́ yóò sì kọlura lórí wáyà. Àwọn òṣìṣẹ́ a wá máa wá ibi tí wáyà gbé já, nígbà tí kò já rárá. Bí wáyà bá ń gbé mílíọ̀nù 1.5 bíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, iye tí a sábà máa ń fún àkókò ìdúró ni àkókò 300 bíìtì. Ìránṣẹ́ sì lè lo tó 150 kí ó tó fèsì.

“Fi kún àkókò ìdúró, èsì ẹ̀rọ tó wà ní ìpẹ̀kun wáyà ń pẹ́ dé.”

A kì í kọ ọ́ ní “àkókò àyíká”: ohun tó yí ni ká ni àyíká. Ìyípo kò burú, ṣùgbọ́n ó bá àgbá tàbí kẹ̀kẹ́ mu jù.