Fótò Olójú Méjì: Ọgbọ́n Iṣẹ́ Ni Tàbí Ìgbádùn?

Bí ènìyàn bá di ojú ọ̀tún, tí ó fi ti òsì wo ìka ara rẹ̀, tí ó sì tún di ti òsì kí ó fi ti ọ̀tún wò ó, yóò dà bí ẹni pé ìka náà yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀. Nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 6.5 ni ó wà láàrin ojú wa méjèèjì, nítorí náà wọn kì í rí nǹkan bákan náà. Ọpọlọ ni ó ń so ìran méjèèjì pọ̀ di ẹyọ kan, tí a fi ń mọ ohun tí ó wà nítòsí yàtọ̀ sí èyí tí ó jìnnà. Charles Wheatstone ni ó ṣe àlàyé èyí fún àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀n ní ọdún 1838. Àwòrán tí a fi ọwọ́ yà ni ó lò, nítorí ọdún 1839 ni a tó kéde iṣẹ́ fótò fún aráyé.

Kì í ṣe fótò méjì kan ṣáá o. Ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ní àwọn ọdún 1970, àwọn ayàwòrán a máa tẹ fótò ọmọ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí èyí tí ó kú nínú àwọn ìbejì lè ní àwòrán tirẹ̀. Iṣẹ́ ìtùnú ni. Ṣùgbọ́n bí a bá fi awò olójú méjì wò ó, pẹlẹbẹ ni yóò rí, nítorí ojú kan ni ó ya méjèèjì.

Ní 1851, Ọbabìnrin Victoria rí awò tí David Brewster ronú rẹ̀ níbi Ìpàtẹ Ńlá ti Lọ́ńdọ̀n, ó wù ú, ni àwọn ènìyàn bá ń rọ́ lọ ra irú rẹ̀. Ní nǹkan bí 1861, Oliver Wendell Holmes, dókítà àti òǹkọ̀wé ará Boston, ṣe èyí tí kò wọ́n, tí a lè fi ọwọ́ kan gbé; ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀. Síbẹ̀ wíwò ni ti ọ̀pọ̀ ènìyàn, yíyà ni ti oníṣẹ́.

Ní 1947 ni kámẹ́rà Stereo Realist jáde ní Milwaukee ní Amẹ́ríkà. Seton Rochwite tí ó ṣe é, eré ọwọ́ dilẹ̀ ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò fi fótò jẹun wá lè ya olójú méjì fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin bá a dé. Bí fótò kan bá fi díẹ̀ ga ju èkejì lọ nínú férémù, orí yóò máa fọ́ ẹni tí ń wò ó. Bí a bá gbé ti òsì sí ọ̀tún, ohun tí ó yọ síta yóò wọlé, èyí tí ó wọlé yóò yọ síta. Wọ́n tún ní kí ohun tí ó súnmọ́ wa jù jìnnà tó ìlọ́po 30 àlàfo tí ó wà láàrin ojú kámẹ́rà méjèèjì. Sẹ̀ǹtímítà 7 ni ti Realist, ó di nǹkan bí mítà méjì.

Èmi kò bá wọn jà lórí òfin wọ̀nyí. Àṣìṣe nínú fótò lásán, ojú a fò ó. Ti olójú méjì, ara ẹlòmíràn ni ó ń dùn. Àmọ́ ẹni tí ó ń fi rúlà wọn ohun gbogbo, ìgbà wo ni yóò rí ọmọ tí ń rẹ́rìn-ín? Harold Lloyd, aláwàdà inú sinimá, tí bọ́ǹbù gé àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ àti ìka tí ó tẹ̀ lé e ní 1919, ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún fótò olójú méjì kí ó tó kú ní 1971, láìsí ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́.

Ẹ tún wo Jacques Henri Lartigue, ọmọ olówó ilẹ̀ Faransé tí a bí ní 1894. Ọmọdé ni nígbà tí ó ti ń ya àwọn ará ilé rẹ̀ bí wọ́n ti ń fò, tí wọ́n ń ṣubú: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Zissou tí ó fẹ́ fò bí ẹyẹ, ajá, mọ́tò. Àmì ẹ̀yẹ kọ́ ni ó ń wá. Síbẹ̀ ta ni yóò mú ẹni tí ó fò sókè lójú òfuurufú bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá yá? Ìgbádùn ni ó kọ́ ọ níṣẹ́, òfin kọ́. Ní 1963, ilé ìṣọnà òde òní ti New York pàtẹ àwọn fótò rẹ̀, òun tìkára rẹ̀ ti di ẹni ọdún 69. Púpọ̀ nínú fótò rẹ̀ tí aráyé mọ̀ jẹ́ ìdajì kan lára méjì. Ní 1979 ó fi gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ta ìjọba Faransé lọ́rẹ, àwọn dígí olójú méjì náà wà nínú rẹ̀, tọ̀tún tòsì.